Níbo Ni Igba Ojú Wà?

Àwọn àgbà ló sọ pé ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Bí a bá ń sọmọ lórúkọ, ẹ ó gbọ́ ọ. Bí a bá ń fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, wọ́n á tún sọ ọ́. Èmi náà tí mo ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, mo ti pa á lówe fún àwọn òbí lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì sí ọjọ́ tí mo pa á tí wọn kì í mi orí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè, ẹ̀yin òǹkàwé mi: bí ọmọ ọdún méjì bá gbé ìgò kẹrosíìnì sẹ́nu lọ́sàn-án gangan, nínú ilé tí èèyàn bí ọgbọ̀n ń gbé, níbo ni igba ojú náà wà?

Wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́ ni. Ní agbo ilé àtijọ́, ìyá àgbà ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà tó ń bó ẹ̀gúsí, bàbá àgbà ń bẹ lábẹ́ igi tó ń hun agbọ̀n, ọmọ tó bá sì fẹ́ rá dé ìdí ààrò yóò pàdé ẹni mẹ́ta kó tó débẹ̀. Lónìí ńkọ́? Bàbá ti jáde kí àkùkọ tó kọ, kí gosiló má baà dá a dúró. Ìyá ti gbé ọjà lọ sí Bódìjà. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ń ta ata lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí ẹni tí kò tà kò ní jẹun. Ẹni tó kù nílé ni ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, òun náà sì fẹ́ ṣeré. Nínú igba ojú, ojú méjì péré ló kù, ojú méjì ọ̀hún sì jẹ́ ti ọmọdé.

Nígbà tí ọ̀ràn bá wá ṣẹlẹ̀ tán, ohùn mẹ́ta la máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Àwọn kan á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ọwọ́ ayé ni, ẹ má wulẹ̀ wádìí." Àwọn tó kù á kọjú sí ìyá ọmọ: "Níbo lo wà? Kí lò ń wò?" Mi ò bá Ọlọ́run jiyàn, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù ayé. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọn kì í jẹ́ kí a wo ibi tí nǹkan náà gbà wọlé. Ọlọ́run kọ́ ló rọ kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àjẹ́ kọ́ ló ṣí kànga sílẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ìjàǹbá ọmọdé náà ní ẹnu ògiri tirẹ̀, a sì lè dí i.

Ní ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé tí à ń pè ní WHO, àti UNICEF tó ń rí sí ọ̀ràn àwọn ọmọdé, gbé ìwé ńlá kan jáde lórí ọ̀ràn yìí. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 tí ìjàǹbá ń pa lọ́dún kan jákèjádò ayé tó 830,000. Ìyẹn ju 2,000 lọ lóòjọ́. Kì í ṣe ogun, kì í ṣe ìjà o: mọ́tò, omi, iná, ìṣubú àti májèlé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Omi nìkan pa bí 175,000, iná pa bí 96,000, májèlé pa bí 45,000. Nínú ọmọ 100 tí irú ìjàǹbá báyìí pa, 95 ló jẹ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó tàbí tí owó wọn mọ níwọ̀n, irú tiwa yìí. Ọmọ òyìnbó kò gbọ́n ju ọmọ tiwa lọ, ìyá òyìnbó kò sì fẹ́ràn ọmọ jù wá lọ. Wọ́n kàn ti dí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ihò ara ògiri tiwọn ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti orí kẹrosíìnì, nítorí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Lóòótọ́, gáàsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi dáná ní ìlú báyìí láti ìgbà tí kẹrosíìnì ti gbówó lórí, ṣùgbọ́n kò tí ì kúrò nílé: a ń rọ ọ́ sínú àtùpà, a ń fi í ran iná, a sì ń fi í lé eèrà. Nítorí pé ó wọ́n, díẹ̀díẹ̀ là ń rà á, ohun tó bá sì wà nítòsí là ń rà á sí, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ike omi. Ọmọdé kò mọ̀wé kà. Ìgò tí wọ́n fi ń bu ohun dídùn fún un lọ́jọ́ ọdún ló rí yẹn. Oòrùn mú, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Bí Ìdòwú, ọmọ Ìyá Ìbejì tí yàrá wọn kọjú sí tèmi, ṣe gbé e mu nìyẹn ní ọjọ́ Sátidé kan. Ikọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kì í ṣe ẹkún. Kí n tó jáde, ilé ti pé jọ. Ìyá Ìbejì gbé ọmọ dání, ó ń ké. Ìyá Àgbà tó ń gbé yàrá ẹnu ọ̀nà sì ti gbé kólòbó epo pupa dé.

"Ẹ la ẹnu rẹ̀," Ìyá Àgbà wí. "Epo ni ẹ̀rọ̀. Bó bá ti bì í, ó parí."

Ẹnìkan ní kí wọ́n wá mílíìkì. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé wa, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ti ibi iṣẹ́ òru dé tó ń sùn, sáré jáde tòun ti aṣọ ìsùn. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo kólòbó náà.

"Ẹ dákun, Ìyá. Ẹ má fún un ní nǹkankan. Bó bá bì í, ọ̀nà ibòmíràn ló máa gbà."

Ìyá Àgbà wò ó tìyanu-tìyanu. "Ọmọ mélòó lo ti bí?"

"Mi ò tí ì bí, Ìyá."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kò ká ọwọ́ kúrò lórí kólòbó.

Ẹ má bú Ìyá Àgbà o. Ó ti tọ́ ọmọ púpọ̀ yè, ohun tí ìyá rẹ̀ sì fi lé e lọ́wọ́ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọmọbìnrin náà sọ, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Kẹrosíìnì tó bá wọ ikùn kì í sábà ṣe ọṣẹ́ tó pọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Ó ṣàn wẹ́rẹ́, kò ki rárá, bí ọmọ bá sì sín in tàbí tó ń bì í, kíá ni yóò yà sí ọ̀nà èémí. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá débẹ̀ tó láti sọ ẹ̀dọ̀fóró di ọgbẹ́, kí ọmọ má lè mí dáadáa mọ́. Epo pupa tí a bá rọ sí i lẹ́nu, bíbì ló ń fà. Epo náà fúnra rẹ̀ sì lè gba ọ̀nà kan náà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, ẹ má mú un bì. Ẹ má fún un ní epo, mílíìkì tàbí omi iyọ̀. Ẹ bọ́ aṣọ tó dà sí, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ara rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì mú ìgò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Ìyẹn ń jó ọ̀nà ọ̀fun bó ṣe ń lọ. Bí ẹ bá mú ọmọ bì í, yóò tún jó o bó ṣe ń bọ̀. Mo mọ ọmọ kan tó mu ún tí ikú kò pa, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dì pọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ̀kọ tútù pàápàá di ogun fún un láti gbé mì.

Ọ̀nà àtidí ihò yìí kò ṣòro. Ní South Africa, wọ́n pín ike kẹrosíìnì tí ìdérí rẹ̀ ṣòro fún ọmọdé láti ṣí fún àwọn ìdílé kan ní àwọn ọdún 1990, iye ọmọ tó ń mu kẹrosíìnì ládùúgbò náà sì dín kù dé bí ìdajì. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ ìyá wọn, kò sí ẹni tó sọ ọmọ wọn di ọlọ́gbọ́n. Ìdérí ni wọ́n pààrọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ Ìdòwú. Ọsibítù tó sún mọ́ wa jù ni a kọ́kọ́ gbé e lọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ ń mí gulegule, imú rẹ̀ ń fẹ̀. Ẹni tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì kò dìde.

"Ta ló fẹ́ san dìpọ́síìtì?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un ní atẹ́gùn ná. Bàbá rẹ̀ ń mówó bọ̀."

"Òfin ibí nìyẹn, sà. Owó kọ́kọ́ ni."

A dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí aago ńlá kan wà lórí ògiri wọn, èmi àti Ìyá Ìbejì kò sì ní ibòmíràn tí a lè wò tí kò ní jẹ́ ojú ọmọ náà. Nígbà tó sú wa, a gbé e sínú táksí lọ sí ọsibítù ìjọba. Níbẹ̀, dókítà ọ̀dọ́ kan kò bi wá ní nǹkankan jù "Kí ló mu?" lọ. Wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní kí a lọ gba káàdì. Òru mẹ́rin ni Ìdòwú lò níbẹ̀. Ó yè é, ọpẹ́ ni. Òun ló ń da ilé rú fún wa báyìí.

Ohun tó ká mi lára nìyí: òfin tí ẹni tó wà níbi káàdì ń wí, kò sí nínú ìwé òfin Nàìjíríà. Òdìkejì rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Òfin Ìlera ti ọdún 2014, ní abala 20, sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ ti pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá rú u, owó ìtanràn 100,000 náírà ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Mo ti kọ abala náà sínú bébà, mo sì fi í sínú àpò owó mi. Mi ò sọ pé bébà ń wo àìsàn o. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í gbọ̀n tó ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo sì mọ̀ pé kẹrosíìnì, atẹ́gùn àti òògùn, owó ni wọ́n fi ń rà wọ́n. Ẹni tó ni ọsibítù náà ní gbèsè lọ́rùn. Ó yẹ kí ìjọba wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìdí rẹ̀ kọ́ ni kí ọmọ ọdún méjì wà.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ti gìrì, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ tiwa fúnra wa ti ń ṣe ọmọ léṣe jù. Ara ọmọ gbóná, ojú rẹ̀ yí, ara rẹ̀ ń gbọ̀n gìrìgìrì. Mo bá àwọn tó kù kẹ́dùn. Kò sí òbí tí yóò rí i tí kò ní sọ orí nù. Ẹnìkan á ní kí wọ́n ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná kó lè jí. Ẹlòmíràn á ki ṣíbí bọ ẹnu rẹ̀. Àwọn kan á gbé àgbo ìtọ̀ màlúù dé, èyí tí wọ́n rẹ ewé tábà, àlùbọ́sà àti àwọn ewé mìíràn sí. Láti nǹkan bí àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà ní Ìbàdàn níbí ti ń kọ ọ́ sínú ìwé pé àgbo yìí ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ń sọ èémí rẹ̀ di kélékélé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí gìrì ì bá fi sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àgbo ni kò jẹ́ kí wọ́n jí. Àwọn mìíràn jí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ti jóná, wọn kò sì rìn bí ẹlòmíràn mọ́.

Ohun tó yẹ kí á ṣe kò gba agbára. Ẹ tẹ́ ọmọ sórí ilẹ̀, kó fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn, kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ kó ohun tó lè ṣá a kúrò nítòsí. Ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ má dì í mú. Ẹ wo aago. Kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù kíá, nítorí ibà ló sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ nílẹ̀ wa, òògùn ibà sì wà.

Ti iná náà ń bẹ. Ní ọdún 2001, wọ́n ta kẹrosíìnì tí wọ́n ti lú ní ìlú Èkó. Àtùpà àti sítóòfù ń bú gbàmù lójú àwọn tó ń tàn wọ́n, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú àwọn tó jóná. Ìyẹn ọwọ́ oníwọ̀ra ni. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù nílé wa kò le tó bẹ́ẹ̀: omi gbígbóná tí a gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti fi tẹ ẹ̀bà, ìkòkò ọbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ yọ síta, sítóòfù tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tí gbogbo ọmọ ilé ń gbà sáré. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má wá ẹyin, ẹ má wá ògì, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Omi tútù ni, kì í ṣe yìnyín: ẹ jẹ́ kó máa ṣàn lórí ibẹ̀ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, ẹ máa fi ìgbá bù ú sí i. Ẹ bọ́ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ ara, ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó, ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹyin àti ògì ń kó kòkòrò wọ ọgbẹ́ ni, dókítà á tún ní láti fọ̀ wọ́n kúrò tòun ti igbe ọmọ.

Èmi tí mo ń ṣe tíṣà, ojú títì ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́wàá kò tí ì lè fi ojú díwọ̀n eré tí mọ́tò ń sá. Ó rí mọ́tò lọ́ọ̀ọ́kán, ó rò pé ọ̀nà jìn. Ẹ dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé kan láàárọ̀: ọ̀kadà kan, ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú lórí táńkì, kò sí akoto lórí ẹnìkan. Ẹ wo inú táksí: ìyá jókòó níwájú, ọmọ wà lórí itan rẹ̀. Bí dẹ́rẹ́bà bá tẹ búréèkì lójijì, ọmọ yẹn ni yóò kọ́kọ́ kan gíláàsì. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni wọ́n ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ọdún 1977, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ olórí níbẹ̀; òun náà ni alága àkọ́kọ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1988. A ti ń gbọ́ ìkìlọ̀ láti ìgbà náà. Ẹ̀yìn ni àyè ọmọdé nínú mọ́tò, kó sì jókòó fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìgbànú.

Bí èèyàn bá ti ṣèṣe, ta ni yóò gbé e? Ìlú Èkó ní ọkọ̀ áḿbúláǹsì ìjọba láti ọdún 2001, ẹni tó bá wà níbẹ̀ lè pe 767 tàbí 112. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní 122. Ẹ kọ wọ́n sára ògiri. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, táksí, dáńfó àti ọ̀kadà ló ń gbé ọ̀pọ̀ jù, a ò sì gbọdọ̀ fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ní Ghana, kí ọdún 2002 tó dé, wọ́n kọ́ awakọ̀ èrò tó lé ní 300 bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró àti bí a ti ń gbé ẹni tó fara pa. Kò gbà ju nǹkan bí wákàtí mẹ́fà lọ. Nígbà tí wọ́n padà lọ bi wọ́n léèrè, ó ju ìdajì wọn lọ tó ti fi ẹ̀kọ́ náà ran ẹnìkan lọ́wọ́ lójú títì. Ẹgbẹ́ awakọ̀ wa ní agbára, wọ́n sì ní owó tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ló dé tí wọn kò lè pe Red Cross wá kọ́ wọn ní gáréèjì lọ́jọ́ kan?

Mo fi ti kànga sẹ́yìn nítorí ó wúwo lẹ́nu mi. Ìbàdàn kún fún kànga. Ní ilé kẹta sí tiwa, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin kan lọ wo ojú ara rẹ̀ nínú omi. Kò pariwo. Omi kì í jẹ́ kí ọmọ pariwo. Ọmọ tó bá ń rì kì í ní èémí tó fi ń ké. Àwọn tó ń fọ aṣọ kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, wọ́n gbé e dorí kodò, wọ́n ń jù ú. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Orí ilẹ̀ tó le ni à ń tẹ́ ẹ sí lẹ́yìn, kí a fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, kí a sì máa tẹ àyà rẹ̀, ìtẹ̀ 30 sí èémí 2, títí olùrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bóyá ì bá yè, bóyá kò ní yè. Ohun tó dájú ni pé bí kànga náà bá ní ìdérí, a ò ní máa bèèrè.

Ní ilẹ̀ Bangladesh, níbi tí adágún omi wà lẹ́yìn gbogbo ilé, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ abúlé jọ síbì kan láàárọ̀, ní wákàtí tí ọwọ́ ìyá dí, kí obìnrin kan tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ máa wò wọ́n. Ikú omi láàárín àwọn ọmọ náà dín kù ju ìdajì lọ. Ẹ rí i pé wọ́n mọ̀ pé igba ojú ti lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n wá ojú méjì tí kò níṣẹ́ mìíràn.

Lẹ́yìn ìsìnkú ọmọ yẹn, a ṣe ìpàdé nílé wa. Mo ní kí a ṣe ìdérí irin fún kànga tiwa, kó ní kọ́kọ́rọ́. Bàbá onílé yọ fìlà.

"Tíṣà, láyé bàbá mi, kànga yìí kò ní ìdérí. Ọmọ kankan ò kó sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Láyé bàbá yín, ta ló ń wà nílé lọ́sàn-án?"

Ó rò ó. "Àwọn ìyá wa."

"Lónìí ńkọ́?"

Kò dáhùn. Àpọ́n tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ní òun kò ní san kọ́bọ̀, nítorí òun kò bímọ. Ìyá Àgbà ló dá a lóhùn, ìyá kan náà tó gbé kólòbó epo dání níjọ́sí: "Ìwọ tó máa ń mu ẹmu bọ̀ wálé lóru, o rò pé ọmọdé nìkan ni kànga ń mú?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àpọ́n sì sanwó. Wẹ́dà ṣe ìdérí náà láàárín ọjọ́ méjì. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ ìdí aṣọ rẹ̀, ó sì ń bú ẹni tó bá fa omi tí kò tì í padà. Ẹnu rẹ̀ mú ju ti ọlọ́pàá lọ.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ pa òwe àwọn àgbà rẹ́. Igba ojú dára, Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n fọ́. Ṣùgbọ́n ojú ń ṣẹ́, oorun ń gbé e lọ, ebi ń mú un wo ibòmíràn. Ìdérí kànga kì í ṣẹ́jú. Kẹrosíìnì tó wà lókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó, kò bèèrè ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ohun tí a bá ti tì pa kò ní kí ìyá má lọ sí ọjà.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí ojú ewé tó kàn láti ka ìtàn alárinrin tó wà níbẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dìde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín ṣe déédéé pẹ̀lú ojú ọmọ ọdún méjì, kí ẹ sì fi ojú rẹ̀ wo ilé yín. Ìtàn náà kò ní sá lọ. Yóò dúró dè yín.